Ẹtu Kọ Ẹjọ́ Inú Ihò

Ẹ gbé etí yín wá. Ilé Ẹtu ni àlọ́ mi yà sí.

Ìkookò ni ẹ̀ṣọ́ ọ̀nà odò. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó pa ọmọ Ẹtu tó ń lọ pọn omi. Ó ní, "Ìwo orí rẹ̀ ló dẹ́rù bà mí."

Kìnnìún ọba yan ẹranko méje láti gbọ́ ẹjọ́ náà nínú ihò. Wọ́n pe Ìkookò wọlé, wọn ò pe Ẹtu. Nígbà tí wọ́n jáde, Ọ̀bọ, ọ̀kan nínú wọn, kéde pé, "Ìkookò ò jẹ̀bi. Ẹ máa lọ sílé."

Ẹtu ò lọ. Ó ní, "Ẹ̀yin àgbà, ọmọ mi ò tíì hu ìwo!" Ló bá jókòó sẹ́nu ihò, ó ń kọrin:

Ọmọ mi lọ pọnmi o,
*Ẹ jẹ́ á gbọ́.*
Ẹ gbẹ́jọ́ wá síta o,
*Ẹ jẹ́ á gbọ́.*

Àgbọ̀nrín ló kọ́kọ́ gbè é, Ọ̀kẹ́rẹ́ tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà gbogbo igbó. Kìnnìún bú ramúramù pé kí wọ́n tú ká. Ẹnikẹ́ni ò mira. Ní ọjọ́ kẹta, Kìnnìún gbé ẹjọ́ náà wá sí gbangba.

Ẹtu bi Ìkookò pé, "Báwo ni ìwo náà ṣe gùn tó?" Ìkookò gbé ẹsẹ̀ sókè láti júwe, ó tún sọ ọ́ kalẹ̀. Gbogbo wọn rí i pé irọ́ ni, wọ́n sì lé e kúrò nílùú.

Wọ́n kí Ẹtu kú oríire. Ó ní, "Oríire kọ́. Ọmọ mi ò padà. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò ní parọ́ mọ́ òkú rẹ̀ mọ́."