Ìyá Tó Jókòó Ti Pósí

Ọjọ́ kẹta ìsinmi wọn ní agbègbè Clare, òjò tó ń rọ̀ tó èyí tó lè kọ́ màlúù bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. Lorcan ló ń wa mọ́tò. Noreen ìyàwó rẹ̀ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Dervla, ọmọ wọn, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, wà lẹ́yìn, ó ká ẹnu jọ. Láàárọ̀ ló ti purọ́ pé òun ti fọ eyín. Bàbá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bá a wí nídìí oúnjẹ. Ìbáwí náà ti ré odò kọjá, ó ti gun òkè méjì, kò sì tíì parí.

"Nínú ìdílé tiwa, a kì í purọ́," Lorcan ní. "Èmi ò purọ́ rí."

"Rí rárá, Dádì?"

"Rí rárá."

"Rọra o," Noreen ní. "Ọmọ yìí kì í gbàgbé nǹkan."

Wọ́n dé ibi tí wọ́n fẹ́ wò, ilé ìjọsìn àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ anìkàndágbé ayé àtijọ́. Òrùlé ibẹ̀ ti wó tipẹ́. Ògiri ló kù, àti fèrèsé òkúta kan tó ga débi tí ẹyẹ fi ń sinmi lẹ́ẹ̀mejì kó tó fò dé orí ẹ̀. Àwọn ará abúlé ṣì ń sin òkú wọn sí àgbàlá náà. Lorcan ti gẹ́ẹ̀tì wọlé, ó ti ń ṣàlàyé fèrèsé lọ ràì kó tó rí i pé pósí kan wà níwájú òun, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́. Àlùfáà ọ̀dọ́ kan dúró tì í, ó ń wo ọ̀nà. Ìyá àgbà kan tó wọ kóòtù dúdú jókòó sórí òkúta nítòsí pósí, ó dorí kodò, okùn bàtà rẹ̀ kan tú sílẹ̀. Àwọn ọkùnrin méjì tó gbẹ́ ihò ń mu sìgá lábẹ́ igi.

"Ẹ jẹ́ ká padà," Noreen sọ jẹ́jẹ́.

"Padà báwo? Ìyá yẹn ti rí wa. Ta ló ń gba ẹ̀gbẹ́ òkú kọjá lọ wo fèrèsé?"

Kò sí ẹni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní Clare. Lorcan ṣí fìlà, ó lọ bọ ìyá náà lọ́wọ́.

"Ẹ kú àdánù, Mà. Ẹ kú ìrọ́jú."

Ìyá náà gbójú sókè. Ó lanu, ó pa á dé. Ó wo pósí, ó wo Lorcan, ó wo ọmọ.

"Ẹ ṣeun," ó ní níkẹyìn.

Ẹsẹ̀ ti ń dún lẹ́yìn. Ọkùnrin méjì tó gun kẹ̀kẹ́ wá, tí ṣòkòtò wọn lẹ̀ mọ́ itan típẹ́típẹ́, ṣí akoto wọn, wọ́n tò sẹ́yìn Noreen. Tọkọtaya arúgbó kan tò tẹ̀ lé wọn. Kò pẹ́, ìlà ti dé gẹ́ẹ̀tì. Ó yé Lorcan pé èèyàn ńlá ló kú. Gbogbo abúlé ló tú jáde, àwọn mìíràn ò tiẹ̀ ráyè pààrọ̀ aṣọ.

Ìyá náà ń bọ gbogbo wọn lọ́wọ́, omi ń bọ́ lójú ẹ̀. Ó fa Lorcan lápá aṣọ.

"Má lọ o. Dúró tì mí."

"Mo wà ńbí, Mà."

"Ṣé o mọ̀ ọ́n ni?"

Gbogbo ìlà ló na ọrùn. Kò ṣeé ṣe kéèyàn sọ fún opó lójú pósí pé fèrèsé lòun wá wò.

"Mo mọ̀ ọ́n," Lorcan ní.

Dervla gbójú sókè.

"Irú èèyàn wo ni?"

"Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n jù, Mà."

"Ìwọ ṣáà sọ. Jọ̀ọ́."

Àlùfáà ti sún mọ́ wọn. "Mo dúpẹ́ pé ẹ wá," ó ní. "Ẹ̀rù ti ń bà mí láti àárọ̀ pé ẹnikẹ́ni ò ní wá. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé àdúgbò yìí ni, mi ò mọ Ambrose tó kú yìí rárá. Ẹ bá wa sọ nǹkan díẹ̀ nípa ẹ̀."

Lorcan ní èèyàn dáadáa ni. Kò tó. Ìyá náà ṣì ń wò ó. Ló bá ní Ambrose gbé ọmọ màlúù kọjá odò tó kún, lórí èjìká, ó fi eyín di bàtà ara ẹ̀ mú.

"Ambrose nìyẹn," ọ̀kan nínú àwọn oníkẹ̀kẹ́ ní, ó nu ojú.

Lorcan ní Ambrose kì í rí èèyàn nínú òjò kó má gbé e. Lọ́jọ́ kan ó gbé èèyàn mọ́kànlá sínú mọ́tò, òun fúnra ẹ̀ ló wá fẹsẹ̀ rìn. Àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń sunkún. Etí Lorcan gbóná débi pé òjò ń di èéfín lára ẹ̀. Dervla ò wo pósí. Ẹnu bàbá ẹ̀ ló ń wò.

Wọ́n sin òkú tán, èrò tú ká. Lorcan ń sáré lọ sídìí mọ́tò.

"Dádì," Dervla ní, "ṣé ẹ mọ̀ ọ́n lóòótọ́?"

Lorcan dúró. Ó wo Noreen, Noreen wo ilẹ̀. Ó di ọmọ náà lọ́wọ́ mú, wọ́n padà lọ bá ìyá tó ṣì jókòó sórí òkúta.

"Mà, mo purọ́," ó ní. "Mi ò mọ ọkọ yín rí. Fèrèsé la wá wò. Ojú ló tì mí. Ẹ dárí jì mí, lójú ọmọ mi yìí."

"Ọmọ mi," ìyá náà ní, ó sì di ọwọ́ ẹ̀ mú pẹ́, "fèrèsé lèmi náà wá wò, òkúta ló wọ bàtà mi tí mo fi jókòó, àfi bó o ṣe wá bọ̀ mí lọ́wọ́ tó o sọ mí di opó, èmi tí n ò lọ́kọ rí."