Gbólóhùn Tó Kù fún Philomène

Èèyàn márùn-ún ló ń du àyè kan ṣoṣo. Ẹni tó bá yege, ìjọba yóò rán an lọ kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní Ìbàdàn fún ọdún méjì. Ẹni tó bá fìdí rẹmi, kó yáa padà sídìí ohun tó ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ọdún kejì òmìnira Dahomey ni. Inú kíláàsì kan ní Ifangni ni wọ́n ti ń ṣe ìdánwò ẹnu náà.

Olùdánwò méjì ló wà níbẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Séraphin, olórí, wá láti Àjàṣẹ́, kò mọ ẹnì kankan nílùú. Ọ̀gbẹ́ni Victorin ló ń kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì nílé ìwé náà. Kò tí ì pé oṣù méjì tí wọ́n gbé e wá láti Ṣábẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò yàn án. Ọjọ́ tó rí orúkọ àwọn olùdíje lára ògiri ló lọ bá ọ̀gá ilé ìwé pé òun fẹ́ wà lára àwọn olùdánwò. Àwọn olùdíje ní torí Pọ́ọ̀lù ará Tchaada ni, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń gbẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́.

Pọ́ọ̀lù gba máàkì mẹ́rìnlá nínú ogún, òun ló sì ń ṣíwájú. Ẹni tó wọlé kẹ́yìn ni Philomène Àyànbánjọ, obìnrin tó ti fi ọdún mẹ́rin kọ́ àwọn ọmọdé nílé ìwé mísọ́ọ̀nù.

“Ẹ jókòó, Madame,” ni Séraphin wí.

“Ẹ jẹ́ kó dúró,” ni Victorin wí. “Kò rẹ̀ ẹ́.”

Philomène dúró.

“Can,” ni Victorin wí. “Níbo ló ti wá?”

“Láti ara ọ̀rọ̀ àtijọ́ kan tó túmọ̀ sí ‘mọ̀’, ọ̀gá. Lójú àwọn Gẹ̀ẹ́sì ayé ìgbà yẹn, ẹni tó bá mọ nǹkan ló lè ṣe é. Àwa náà ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. A máa ń ní ó mọ aṣọ rán, ó mọ ọkọ̀ wà.”

Séraphin gbórí sókè. “Ẹ wò ó! N kò rò ó bẹ́ẹ̀ rí.”

“Ó há a sórí ni. Inú ìwé kan tí èèpo rẹ̀ ti ya ló ti rí gbogbo ẹ̀.” Victorin kò wo obìnrin náà. “Ọ̀nà mélòó ni wọ́n ń gbà lò ó?”

“Mẹ́ta, ọ̀gá. Agbára: mo lè gbé e. Ohun tó ṣeé ṣe: àṣìṣe lè bá ẹnikẹ́ni. Àyè: o lè máa lọ.”

“Àyè!” Victorin fi ọwọ́ lu tábìlì. “Ta ló fún ọ láyè? Ọmọ mẹ́ta, èyí tó kéré jù kò tí ì lè dá wẹ̀, ìwọ sì ń sọ̀rọ̀ Ìbàdàn! Ta ni yóò máa tọ́jú wọn?”

“Ìyá mi ń bọ̀ láti Lagbé.”

“Ta ló ránṣẹ́ pè é?”

“Èmi ni.”

Iṣan ọrùn Victorin yọ gbọ̀ngbọ̀n.

“Confrère, ẹlẹgbẹ́ mi,” ni Séraphin wí, “ti ọmọ kọ́ la wá bi í. Ẹ sì jẹ́ ká máa fi ‘ẹ’ bá Madame sọ̀rọ̀.”

“‘Ẹ’ kẹ̀!” Victorin pòṣé.

Séraphin kọ mẹ́tàlá sílẹ̀. Gbólóhùn kan ló kù, máàkì méjì ló wà fún un. Bí Philomène bá gbà á, ó ti lé Pọ́ọ̀lù bá, ó sì ti kọjá rẹ̀.

“Fi can sọ gbólóhùn kan,” ni Victorin wí. “Orúkọ mi ni kí o fi bẹ̀rẹ̀.”

Philomène wolẹ̀. “Ẹ jẹ́ kí n fi orúkọ ọ̀gá Séraphin bẹ̀rẹ̀.”

“Tèmi ni mo wí.”

“Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá.”

“Ẹ rí i? Kò mọ̀ ọ́n! Òdo ni kí ẹ kọ.” Ó rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti àárọ̀.

Ó ya Séraphin lẹ́nu. “Madame, orúkọ lásán ni o. Àbí ìjà wà láàárín ẹ̀yin méjèèjì ni?”

“Kò sí ìjà, ọ̀gá.”

“Bon. Ẹ pè é nígbà náà. Bí ẹ ò bá pè é, Pọ́ọ̀lù ló ń lọ yẹn.”

Inú ń bí Philomène. Ó la ẹnu, ó tún pa á dé. Lẹ́yìn náà ó gbójú sókè, ó wo Victorin sójú gan-an.

“Victorin can go home alone.”

Séraphin yí i padà sí Yorùbá. “Victorin lè dá lọ sílé. Voilà! Èwo wá ni can yìí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta? Ṣé agbára ni?”

“Rárá, ọ̀gá. Àyè ni. Mo yọ̀ǹda fún un.”

Séraphin rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó kọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

“Ó bú mi!” Victorin ti dìde. “Ẹ ò gbọ́ bó ṣe la orúkọ mi mọ́ mi lórí, gbàgà? Èmi ò ní fọwọ́ sí i!”

“Ẹ̀yin náà lẹ ní kó pè yín. Olórí ni mí, ọwọ́ tèmi tó.” Séraphin fọwọ́ sí ìwé náà. “Madame, ẹ dúró kọ orúkọ yín. Ọjọ́ Ajé lọkọ̀ ń lọ.”

Philomène kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ Séraphin. Victorin dé fìlà rẹ̀, kò dágbére fún ẹnikẹ́ni, ó gun kẹ̀kẹ́ lọ sílé.

Kò tí ì sọ̀ kalẹ̀ tán tí Scholastique, àkọ́bí rẹ̀, fi sáré jáde wá pàdé rẹ̀ pé: “Papa, Màmá ńkọ́? Ṣé wọ́n yege?”