Omi Tí Bàbá Fi Ń Ṣan Ẹnu

Bàbá àgbẹ̀ kan já ìbòmú ẹ̀rọ tó ń fẹ́ oògùn olómi iyọ̀ sí i láyà kúrò lójú, ó jù ú sórí bẹ́ẹ̀dì. "Ẹnu ń ta mí bí ẹni jẹ ata! Mi ò fa omi oníyọ̀ yìí sáyà mọ́."

"Bàbá, ọ̀rọ̀ yìí sú mi! Nọ́ọ̀sì ní kẹ́ ẹ máa fi omi ṣan ẹnu tẹ́ ẹ bá fà á tán. Ẹ kì í ṣan án!"

"Mò ń ṣan án."

Ọmọbìnrin rẹ̀ fìbínú gbé ike omi ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó bù ú sẹ́nu láti ṣe é hàn án. Kíá ló tu ú dànù. Iyọ̀! Omi àdúrà tí òun fúnra rẹ̀ gbé wá láti ṣọ́ọ̀ṣì ní Koro ni, tí wòlíì da iyọ̀ sí.

"Ẹ mọ̀, ẹ ò sì sọ?"

"Ṣebí ààwẹ̀ lo gbà lé e lórí."