Òdòdó Inú Yàrá Màmá

"Ẹ káàárọ̀," ni ẹ̀rọ inú ògiri yàrá Màmá, níbi tí wọ́n ti ń gbin igbó oògùn, wí bí Ìbídùn ti wọlé. "Ooru ti pọ̀ jù. Ewé ti ń jó létí."

Ìbídùn sáré lọ wo ìkòkò rẹ̀, ó rí ajílẹ̀ tuntun lórí ilẹ̀ inú rẹ̀. Igi igbó kan ṣoṣo ni òfin gba ilé kọ̀ọ̀kan láàyè láti gbìn lọ́dún, epo òdòdó rẹ̀ nìkan ló sì ń jẹ́ kí ìyá ọkọ rẹ̀ sùn láìké nítorí ìrora orúnkún.

"Màmá, ẹ ti tún fún un ní ajílẹ̀!" ló pariwo sí ìyá ọkọ rẹ̀ tó jókòó lórí ibùsùn.

"Ṣíbí kan péré ni. Ṣé kí ebi máa pa á nínú ilé mi ni?"

"Àjẹjù ló ń pa á, Màmá. Omi lásán ló ń fẹ́ báyìí."

Ìbídùn da omi sí i títí ajílẹ̀ fi ṣàn jáde nísàlẹ̀ ìkòkò, ó sì ní kí ògiri mú ooru wálẹ̀ sí ìwọ̀n mẹ́rìnlélógún.

Ní ọjọ́ kẹfà, igi náà yọ òdòdó. Ó funfun, ó ń dán bí ìrì tí oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ rí. Màmá gbàgbé orúnkún rẹ̀, ó kúnlẹ̀.

"Omi lásán," ló sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Ó yọ ṣíbí ajílẹ̀ lábẹ́ ìró rẹ̀, ó nà án sí Ìbídùn. "Gbà á, ìyàwó mi. Bá mi fi pamọ́ síbi tí ojú mi kò ní tó."