Ayaba Tí Kò Fojú Kan Ilé Mọ́

Nínú ìwé tí mo kà, ọjọ́ kejì tí wọ́n sin ìyá rẹ̀ ni ìròyìn dé etí ayaba.

Levenshulme, nílùú òyìnbó, ọdún 1989. Mò ń sunkún sọ ìtàn inú ìwé náà fún Philip, tí mo fẹ́ fẹ́ lóṣù tó ń bọ̀.

"Ọba Rọ́ṣíà fẹ́ ẹ láti ilẹ̀ òkèèrè. Ó yí orúkọ padà, ó yí ẹ̀sìn padà nítorí ọkọ. Ibẹ̀ ló kú sí."

Philip ń rẹ́rìn-ín. "Ìwọ àti novel, Mùtíátù. Ṣé òyìnbó tó ti kú lò ń sunkún fún?"

"Rárá. Ẹ̀gbọ́n mi fóònù láti Ìwó láàárọ̀ yìí. Àná ni wọ́n sin ìyá mi."

Ó gbé ọwọ́ lé mi léjìká.

"Mi ò ní ṣèrìbọmi tí ìjọ rẹ ní kí n ṣe ká tó ṣègbéyàwó, Philip. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ, ṣùgbọ́n mi ò ní fẹ́ ọ. Ilé ni mò ń lọ."