Páálí Ìrẹsì Màmá Adérójú

Ní ṣọ́ọ̀bù, ohun tó wà lára páálí ìrẹsì náà ni: "Ó tó ẹni mẹ́rin." Àmọ́ bí Màmá Adérójú ṣe gbé e wọlé, ọ̀rọ̀ náà yí padà, torí òfin ní kí páálí oúnjẹ máa ka iye ẹni tó wà nílé gan-an: "Ó tó ẹnì kan fún ọjọ́ mẹ́rin."

Màmá fẹjọ́ sun ìjọba pé páálí ń purọ́. Wọ́n rán Fágbohùn, òṣìṣẹ́ wọn, wá yẹ ilé wò.

"Màmá, àwọn ọmọ yín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dà?"

"Wọ́n ń bọ̀."

"Bẹ́ ẹ ṣe wí lọ́sẹ̀ tó kọjá tẹ́ ẹ wá fẹjọ́ sùn náà nìyẹn."

"Ṣáà jókòó, kó o jẹun."

Ó jókòó. Páálí yí padà: "Ó tó ẹni méjì fún ọjọ́ méjì."

Nígbà tó jẹun tán tó dìde, màmá yára da aṣọ bo páálí náà, kó tó tún sọ òótọ́.