Ìlà Méjì Lábẹ́ Ọkọ̀ Ike

"Ṣé kò ní hàn?"

"Kò ní hàn."

"Tí èèyàn bá fọwọ́ pa á ńkọ́?"

"Á pa á títí ọwọ́ á fi ro ó. Kò ní rí nǹkan kan."

"Tó bá tan iná sí i?"

"Àǹtí, ṣé ọkọ̀ lẹ gbé wá ni àbí ìdánwò?"

Obìnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó di kọ́kọ́rọ́ mọ́tò rẹ̀ mú. Ọkọ̀ náà dojú dé lórí tábìlì gígùn: ọkọ̀ ike tóóró aláwọ̀ ọsàn, irú èyí tí ẹnì kan ṣoṣo ń jókòó sínú rẹ̀, tí á fi àjẹ̀ wà á lórí omi. Ọkùnrin tó fẹ́ tún un ṣe ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Táǹkì omi, bọ́ńpà mọ́tò, àga ike, ohunkóhun tó bá jẹ́ ike tó sì là, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń gbé e wá. Àdíìmọ̀ ni wọ́n ń pè é, nítorí pé ibi tó bá dí, ẹnikẹ́ni kì í mọ̀.

"Ta ló ni ín?"

"Ọkọ mi."

"Wọ́n mọ̀ pé ó là?"

"Wọn ò mọ̀."

Àdíìmọ̀ bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ìlà méjì ni, abẹ́ ibi ìjókòó gan-an, ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó ìka ọwọ́.

"Kí ló ṣe é?"

"Mo ń fi mọ́tò rìn sẹ́yìn, mo gbá a mọ́ òpó géètì."

"Òpó géètì yín mọ ìlà í fà o. Ó tọ́ ju èyí tí mò ń fi rúlà fà lọ."

Obìnrin náà wo ilẹ̀. Àdíìmọ̀ rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ẹ má bínú. Kì í ṣe àná ni wọ́n bí mi. Ọkùnrin á ti ibi iṣẹ́ dé, á gba ìdí ọkọ̀ lọ, kò ní béèrè ìyàwó. Ọkọ̀ yìí ni orogún yín, ẹ bá a jà, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ."

"Ẹ lè pè é bẹ́ẹ̀."

"Ọ̀bẹ ìdáná?"

"Bàbá, tí ìlà yẹn bá hàn lọ́la, mo gbé."

"Lọ́la ni wọ́n máa rí i?"

"Aago mẹ́wàá. Wọ́n máa gbé e yíká, wọ́n máa yẹ gbogbo ara ẹ̀ wò."

"Ẹ fọkàn balẹ̀. Inú mi ni ọ̀rọ̀ yìí máa kú sí."

Ó yí ọkọ̀ náà padà kí ó lè wo inú rẹ̀. Sálúbàtà ọkùnrin kan yọ láti imú ọkọ̀, ó bọ́ sílẹ̀.

"Ẹsẹ̀ kejì ńkọ́?"

"Ó sọnù." Obìnrin náà mú un, ó fi sínú báàgì.

Àdíìmọ̀ tún dojú ọkọ̀ dé, ó lu ihò tíntín sí ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin ìlà kọ̀ọ̀kan, kí ó má baà là lọ síwájú. Ó fi ṣóńṣó ọ̀bẹ fẹ ojú wọn. Gọ́ọ̀mù kì í mú irú ike yẹn. Ike bíi tirẹ̀ tó bá yọ́ sí i nìkan ló ń mú un. Nítorí náà, ó gé ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ kan láti etí ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀, kí àwọ̀ má baà yàtọ̀, ó sì ki irin bọná.

"Ọwọ́ kan ò tó mi. Ẹ bá mi fi pìláyà yìí di ọ̀já ike yẹn mú."

Obìnrin náà gbé kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, ó sún mọ́ ọn. Ó di ọ̀já náà mú sójú ìlà, bàbá ń fi irin gbígbóná tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, èéfín ń rú sí wọn lójú.

"Ọwọ́ yín dúró dáadáa," ni Àdíìmọ̀ wí. "Ẹ dúpẹ́ pé ẹ gbé e wá. Abẹ́ ìdí ló là. Ẹni tó jókòó lé e kò ní fura. Omi á máa yọ́ wọlé. Ìgbà tó bá fi mọ̀, ó ti dé àárín omi."

"Ìṣẹ́jú mélòó?"

"Ogún. Ó lè tó ọgbọ̀n."

"Irin yín ti ń tutù, bàbá."

Ó tún ki irin bọná. Nígbà tí ìlà méjèèjì dí, ó fá ojú wọn, ó fi yẹ̀pẹ̀ gbígbẹ àti òróró pa á títí ó fi gbó bí ara ọkọ̀ tó kù. Obìnrin náà gbá èérún ike tó wà nílẹ̀ sínú ọ̀rá, ó di í.

"Ẹ fi sílẹ̀, màá gbá a."

"Ẹ má ṣèyọnu."

Wọ́n gbé ọkọ̀ náà lé búlọ́ọ̀kù méjì, Àdíìmọ̀ da omi sí i nínú títí ó fi kún dé ibi ìjókòó. Ó tẹ́ páálí sílẹ̀, ó dùbúlẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, ó tẹjú mọ́ ọn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ̀kán omi kan kò bọ́ sí i lójú.

"Kò jò mọ́."

"Kò jò rí, bàbá."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín níbi tó dùbúlẹ̀ sí. "Òótọ́ ni. Kò jò rí."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo láti òwúrọ̀. Wọ́n da omi inú ọkọ̀ nù, wọ́n jọ so ó mọ́ orí mọ́tò. Obìnrin náà wọ mọ́tò, ó ṣáná sí i. Àdíìmọ̀ na ọwọ́ pa ojú ibi tó dí, òun alára kò mọ ibẹ̀ mọ́.

"Ẹ má tún bá orogún jà o," ó wí. "Ẹ bá mi kí ọkọ yín."

Mọ́tò ti ń yí lọ kí obìnrin náà tó yọ orí síta. "Mọ́ṣúárì ni ọkọ mi wà láti ọjọ́ Sátidé tí wọ́n ti gbé òkú ẹ̀ jáde nínú omi, bàbá. Àwọn ọlọ́pàá ló ń bọ̀ wáá yẹ ọkọ̀ wò lọ́la, tí wọ́n bá sì yà sọ́dọ̀ yín, ẹ rántí pé àwa méjèèjì la jọ dí i."